Ẹ̀tọ́ Tálákà Nínú Bíbélì: Gbèsè, Owó Iṣẹ́ àti Ìkórè

Bí mo bá béèrè nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì pé kí ni Ìwé Mímọ́ sọ nípa tálákà, ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé ká máa ta wọ́n lọ́rẹ. Òótọ́ ni. Àmọ́ òfin Mósè kò fi í mọ sórí ọrẹ. Ó wọnú gbèsè, owó iṣẹ́ àti ìkórè, ó sì sọ ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ tálákà níbẹ̀. Ó yẹ ká mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń dá owó àánú lọ́jọ́ Àìkú, tí alágbàṣe sì ń bẹ̀ wá fún owó rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ ṣí Diutarónómì orí 24. Láti ẹsẹ 10, ẹni tó yáni lówó ni òfin ń bá wí. Bí o bá yá aládùúgbò rẹ ní nǹkan, o kò gbọdọ̀ wọ ilé rẹ̀ lọ mú ohun ìdógò. Ìta ni kí o dúró sí, kí òun fúnra rẹ̀ gbé e jáde fún ọ. Mo fẹ́ràn òfin yìí gan-an. Ó gbà pé gbèsè wà, ó gbà pé olówó lè gba ìdógò, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà onígbèsè ló fòpin sí àṣẹ olówó. Ìyàwó àti ọmọ ń bẹ nínú ilé yẹn, kò yẹ kí wọ́n rí i bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bàbá wọn. Tó bá wá jẹ́ aṣọ ìbora rẹ̀ ni tálákà fi dógò, kí o dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ́kísódù 22 béèrè pé: kí ni yóò fi bora sùn? Ẹsẹ 6 nínú Diutarónómì 24 kan náà ní kí a má ṣe gba ọlọ ṣe ìdógò, àní ọmọ ọlọ pàápàá, torí pé ẹ̀mí èèyàn la gbà yẹn. Bí o bá gbé maṣíìnì aránṣọ nítorí gbèsè, kí ni yóò fi jẹun, kí ni yóò fi san owó rẹ?

Lónìí ní Nàìjíríà, àwọn kan lára àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀gá àti ọ̀rẹ́ onígbèsè pé olè ni. Wọ́n ti wọ inú yàrá tí Ọlọ́run ní kí wọ́n má wọ̀. Kristẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí ẹsẹ 10 àti 11.

Ẹsẹ 14 àti 15 kan alágbàṣe, ì báà ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, ì báà ṣe àlejò: kí oòrùn tó wọ̀ ni kí o san owó rẹ̀, torí tálákà ni, ojú rẹ̀ sì ń bẹ lọ́nà owó náà. Òwe 3:28 kò jẹ́ kí a sọ pé “lọ, kí o padà wá lọ́la” nígbà tí owó wà lọ́wọ́ wa. Jákọ́bù 5:4 le jù bẹ́ẹ̀ lọ: owó ọ̀yà tí a kò san ń ké, igbe àwọn olùkórè sì ti dé etí Olúwa.

Ní ti ìkórè, Léfítíkù 19 ní kí àgbẹ̀ má kárúgbìn dé etí oko, kó má sì padà ṣa èyí tó já bọ́. Ti tálákà àti àlejò nìyẹn. Nípa òfin yìí ni Rúùtù, opó ará Móábù, fi pèéṣẹ́ ní oko Bóásì títí di ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́ ohun tó gbé lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, Bóásì sì ti kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé wọn ò gbọdọ̀ dójú tì í.

Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ Jésù pé a ó máa ní tálákà láàárín wa káwọ́ gbera. Ẹ ka Máàkù 14:7 parí: ó ní ìgbàkígbà tí a bá fẹ́ la lè ṣe wọ́n lóore. Diutarónómì 15:11, tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde wá, ní nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí a ṣe la ọwọ́ wa. Àwọn mìíràn á ní Bíbélì sọ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹun. Ẹni tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ni ẹsẹ yẹn, 2 Tẹsalóníkà 3:10, ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ń wá iṣẹ́ kiri tí kò rí.

Àwọn ìjọ máa ń bi mí pé ta ló yẹ kó máa pín ìrànlọ́wọ́. Ẹ wo Ìṣe Àwọn Àpọ́stélì orí 6. Nínú ìjọ, àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ń ráhùn pé wọ́n ń fo àwọn opó àwọn nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́stélì kò pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin 7. Sítéfánù àti Fílípì wà lára wọn, orúkọ àwọn méjèèje ló sì jẹ́ ti Gíríìkì. Lójú tèmi, àwọn tí ìyà náà ń jẹ gan-an ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Bí ìjọ yín bá fẹ́ dá ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀, ẹ fi opó sí i, ẹ fi ẹni tí òun àti ọmọ mẹ́rin jọ ń gbé yàrá kan sí i, kí ìwé ìṣirò owó náà sì wà lọ́wọ́ wọn.