Bí Ansar-Ud-Deen ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Èkó

Ansar-Ud-Deen ni ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó láti kọ́ ilé ìwé fún àwọn ọmọ. Kí a tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní ọdún 1894 ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí tí Mohammed Shitta, oníṣòwò ńlá, kọ́ sí Èkó. Sọ́táànì ilẹ̀ Tọ́kì, Abdul Hamid Kejì, fi oyè Bey dá a lọ́lá, ó sì rán Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì tó gba Ìsìláàmù ní Liverpool, láti wá ṣojú òun. Sọ́táànì fi iṣẹ́ rán sí àwọn Mùsùlùmí Èkó pẹ̀lú: kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn kàwé ìgbàlódé.

Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ níbo ni wọn yóò ti kà á? Ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ìwé ìgbà náà. Ọmọ tó jáde nílé bíi Ráájì lè padà wálé bíi Joseph, kí bàbá rẹ̀ tó mọ̀, wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un. Ọ̀pọ̀ òbí ló kúkú fi ọmọ sí ilé kéwú, kó jókòó ti wàláà rẹ̀. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ òyìnbó ṣe ń pọ̀ sí i, ẹni tí kò mọ̀wé ni wọ́n ń fi sẹ́yìn, ọmọ Mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ìjọba gbìyànjú. Ní 1896, pẹ̀lú akitiyan Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé ará Làìbéríà, wọ́n ṣí ilé ìwé Mùsùlùmí kan ní Èkó. Ti Ẹ̀pẹ́ tẹ̀ lé e ní 1898, ti Àgbádárìgì sì dé ní 1899. Mẹ́ta péré ni, kò sì ká iye ọmọ tó wà nílẹ̀. Nígbà tó yá, Ahmadiyya, ìjọ kan tó ti Íńdíà wá, náà ṣí tiwọn ní Ẹlẹ́gbàta l'Ékòó ní 1922.

Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1923 ni àwọn ọ̀dọ́ kan dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ l'Ékòó. Young Ansar-Ud-Deen ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ansar ni àwọn ará Mẹ̀dínà tó pín ilé àti oúnjẹ wọn pẹ̀lú àwọn tó sá wá láti Mẹ́kà ní ọdún 622, orúkọ wọn ni àwọn ọ̀dọ́ yìí yàn. Ẹ rántí bí Èkó ṣe rí lásìkò yẹn: ìjà owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà ti pín àwọn Mùsùlùmí sí apá Jámáà, tó kọ ìmáàmù àgbà, àti apá Lémọ́mù, tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó jọ ń kírun tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ rí ara wọn mọ́. Ohun tó wú mi lórí ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣíwájú ìrun ni ẹgbẹ́ tuntun yìí gbé síwájú. Ọmọ tí kò ní ilé ìwé ni wọ́n gbé síwájú, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ tí kò sí Mùsùlùmí tí yóò sọ pé kò kan òun.

Kò yá kíákíá. Ọdún 1929 ni wọ́n tó ṣí ilé ìwé àkọ́kọ́, ní Alákòró l'Ékòó. Owó ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá àti ọrẹ àwọn tó láàánú ló gbé e dìde. Nígbà tí ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, tíṣà tó jẹ́ Mùsùlùmí ṣọ̀wọ́n, nítorí ilé ìwé tí wọ́n ń sá fún ló ń kọ́ tíṣà. Lára ohun tí wọ́n ṣe sí i ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀tà.

Wọn kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ Kìrìsìtẹ́nì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí wọn ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló kàwé lábẹ́ orúkọ Ansar-Ud-Deen, mo sì gbà pé ibi tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ti jinlẹ̀ jù nìyẹn.

Ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í yọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Mùsùlùmí mìíràn dá ẹgbẹ́ tiwọn, Nawair-Ud-Deen, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1939, òun náà sì mú ilé ìwé kíkọ́ ní ọ̀kúnkúndùn. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn, ti Ansar-Ud-Deen sì wà lára wọn. Ansar-Ud-Deen kò torí ìyẹn káwọ́ gbera: ní 2015 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí yunifásítì wọn, Summit University, ní Ọ̀fà.