Ibi tí ìwé ẹ̀rí epo ọ̀gbìn ti ṣẹ̀ wá

Ọjà epo ọ̀gbìn ló kọ́kọ́ dé, ìwé ẹ̀rí tó ń sọ pé wọn kò ba ilẹ̀ jẹ́ láti ṣe é tẹ̀lé e. Lọ́dún 2003, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ fún àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ pé kí epo tí a ṣe láti ara ohun ọ̀gbìn tó ìdá 2 nínú 100 epo ọkọ̀ wọn kí 2005 tó parí, kó sì di ìdá 5.75 ní 2010. Òfin náà kò ní kí oníṣòwò fi ilẹ̀ tí ọ̀gbìn náà ti hù hàn.

Ilẹ̀ yẹn gan-an sì lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá fa omi ilẹ̀ àbàtà gbẹ ní Indonéṣíà kó lè gbin ọ̀pẹ, èéfín tó ń mú ayé gbóná tó ti ibẹ̀ jáde máa ń pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò gbà kí èéfín tí epo rẹ̀ ń dín kù tó lè dí i. Ní 2007, ìgbìmọ̀ tí Jacqueline Cramer ṣe alága rẹ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ ní Netherlands lórí bí a ṣe lè mọ epo ọ̀gbìn tí kò ba ilẹ̀ jẹ́. Ọdún yẹn náà ni RSB, ètò kan tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí epo ọ̀gbìn, bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì EPFL ní Lausanne, ní Switzerland. Ní Cologne, ní Jámánì, àwọn tó dá ISCC sílẹ̀, ètò ìwé ẹ̀rí mìíràn, náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kejì 2008, Timothy Searchinger, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbé ọ̀rọ̀ tó le jáde: àgbàdo tí Amẹ́ríkà bá fi ṣe ethanol, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń lò bí epo ọkọ̀, ẹlòmíì níbòmíì ló máa ṣán igbó láti gbin àdípò rẹ̀ fún jíjẹ.

Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2009 ló sọ ẹ̀rí di dandan. Ilẹ̀ tó ṣì jẹ́ igbó ní oṣù kìíní 2008, tí wọ́n wá ṣán lẹ́yìn náà, epo ibẹ̀ kò ní kà. Wọ́n ka èéfín epo rọ̀bì sí gíráàmù 83.8 fún megajoule kan. Nígbà náà, epo ọ̀gbìn gbọ́dọ̀ fi ìdá 35 nínú 100 dín sí i, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 54 lọ, láti oko dé inú táǹkì. Òfin kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má ta èyí tó kùnà o. Kò kàn ní sí nínú iye tí ìjọba fẹ́, kò sì ní rí owó ìrànwọ́.

Ní oṣù keje 2011, àjọ náà fọwọ́ sí ètò ìwé ẹ̀rí méje àkọ́kọ́, ISCC àti RSB wà níbẹ̀. Nínú ètò ISCC, àgbẹ̀ fọwọ́ síwèé pé òun pa òfin mọ́. Ẹni tó ń ra irè jọ ló ń gba ìwé ẹ̀rí. Ọ́dítọ̀ kì í dé gbogbo oko: bí àgbẹ̀ bá jẹ́ 400, ó kéré tán, 20 ni yóò bẹ̀ wò, torí iye oko tí yóò bẹ̀ wò, bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, gbọ́dọ̀ tó iye àgbẹ̀: 20 lọ́nà 20 ni 400. Táǹkì àti ọkọ̀ ojú omi kò ṣe é yà sọ́tọ̀, nítorí náà wọ́n gba àdàlù láàyè. Bí tọ́ọ̀nù 40 tó ní ìwé bá wọnú táǹkì tó gba 100, tọ́ọ̀nù 40 péré lo lè tà pẹ̀lú ìwé.

Ibi tó ti ń jò ni òróró àlòkù, irú èyí tó ṣẹ́ kù lágbada alákàrà. Òfin ka lítà rẹ̀ kan sí méjì, owó rẹ̀ sì gbéra. Èyí mú kí ó wu èèyàn láti da òróró tuntun mọ́ ọn. Ilé ìgbìmọ̀ ọ́dítọ̀ Yúróòpù bá àjọ náà wí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2016.

Àròyé Searchinger kò tíì lọ. Ìwé oko kan kò lè rí igbó tí wọ́n ń ṣán ní oko ẹlòmíì. Ní 2015, wọ́n fi ìdá 7 ṣe òpin fún epo tó ti ara oúnjẹ wá. Ní 2019, wọ́n pe epo ọ̀pẹ ní eléwu fún igbó, wọ́n ní kó kúrò nínú ìṣirò kí 2030 tó parí, àyàfi ti àgbẹ̀ tó bá fi hàn pé irè òun pọ̀ sí i láì ṣán igbó. Ìyẹn náà nílò ìwé ẹ̀rí tirẹ̀.