Nínara aláìdúró

Nínara aláìdúró jẹ́ irú ìdárayá tí ènìyàn fi ń mú oríkèé àti iṣan ara rẹ̀ lọ títí dé ibi tí wọ́n lè dé, tí ó sì ń dá wọn padà, léraléra, láìdá ara dúró sí ojú kan. Lára rẹ̀ ni fífì ẹsẹ̀ síwá-sẹ́yìn, yíyí apá kiri, yíyí ìbàdí, àti rírìn pẹ̀lú orúnkún tí a ń gbé kan àyà. Ó yàtọ̀ sí nínara adúrójẹ́ẹ́, nínú èyí tí a máa ń na iṣan kan, tí a ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 60.

Bí iṣan bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i á máa ṣàn lọ síbẹ̀, yóò sì gbóná. Iṣan tó ti gbóná máa ń yára ṣiṣẹ́, ó sì máa ń rọ̀ ju èyí tó tutù lọ. Nígbà tí iṣan iwájú itan bá súnkì láti gbé ẹsẹ̀ sókè, iṣan ẹ̀yìn itan á gba àṣẹ láti dẹ̀. Síbẹ̀, rírọ̀ yìí kì í ṣe àmì pé iṣan ti gùn sí i. Ọpọlọ ló ti gbà pé ìnà náà kò léwu, ìdí nìyẹn tí rírọ̀ náà kì í fi í pẹ́ kí ó tó lọ. Ẹni tó bá ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nìkan ni ara rẹ̀ máa ń rọ̀ pẹ́ títí.

Ní Ẹ̀pẹ́, ìlú etí ọ̀sà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìwúlò rẹ̀ hàn kedere nínú iṣẹ́ apẹja. Ẹni tó fẹ́ ju àwọ̀n láti inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń mì, kí ó yí ìbàdí, kí ó sì fi agbára èjìká ju àwọ̀n náà kí ó lè fẹ̀ dáadáa kí ó tó kan omi, nígbà mìíràn kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ara kò tíì jí tán. Yíyí apá láti kékeré dé ńlá àti yíyí ìbàdí sọ́tùn-ún sósì ní èbúté ló bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu jù, torí pé ọ̀nà kan náà ni ara yóò gbà lórí omi. Obìnrin tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, tó ń jókòó tàbí tó ń bẹ̀rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, nílò ti ìbàdí àti orúnkún ju ti apá lọ.

Fún eré bọ́ọ̀lù, ètò ìmúra tí FIFA ń pè ní 11+ ní ìdárayá 15, ó sì máa ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ìwádìí kan lórí àwọn ọmọbìnrin agbábọ́ọ̀lù ní Norway, tí a tẹ̀ jáde ní 2008, fi hàn pé ìfarapa dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tó ń lò ó. Eré sísá, ìdárayá agbára àti ti ìdúróṣinṣin ló kún inú ètò náà, nítorí náà kò tọ́ kí a gbé gbogbo ìyìn fún nínara. Ohun tó dájú ni pé dídi iṣan kan mú ju ìṣẹ́jú kan lọ, ní kété kí a tó sáré tàbí kí a tó fò, lè dín agbára rẹ̀ kù díẹ̀. Nínara aláìdúró kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìmúbọ̀sípò ara lẹ́yìn iṣẹ́ tàbí eré, ìwúlò nínara kéré ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ara ríro lẹ́yìn iṣẹ́ agbára máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, láti inú ìpalára kéékèèké nínú iṣan. Àkójọ ìwádìí 12 tí Cochrane, àjọ tó ń yẹ ìwádìí ìlera wò, gbé jáde ní 2011 fi hàn pé nínara, ìbáà jẹ́ ṣáájú tàbí lẹ́yìn eré, fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín ìrora yìí kù. Ìrìn pẹ̀lẹ́ àti fífì ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lè mú ara fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n oorun, oúnjẹ àti ìsinmi ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá tó fún nínara aláìdúró, lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Àgbàlagbà lè di ògiri mú. Ẹni tí oríkèé rẹ̀ wú, tí iṣan rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ya, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.