Kí Dókítà Ojú Tàbí Dókítà Eyín Tó Ra Sọ́fítíwíà Fáìlì ní Àkúrẹ́

Ní ilé ìwòsàn tó ṣì ń lo káàdì, nọ́ńbà káàdì ni aláìsàn kọ́kọ́ máa ń sọ tó bá dé. Akọ̀wé yàrá káàdì á wá fáìlì jáde, nọ́ọ̀sì á wọn ìfúnpá, dókítà á kọ̀wé, kaṣíà á gbowó, bébà kan náà ni yóò sì máa ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Sọ́fítíwíà tí wọ́n ń pè ní EMR ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà lórí kọ̀ǹpútà. Dókítà lè máa wo fáìlì nígbà tí láàbù ń kọ èsì sínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sáré gbé e kiri. Fún ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ibà, ikọ́ àti ọgbẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ bá owó wọn mu lè tó. Ọ̀rọ̀ kì í rọrùn bẹ́ẹ̀ fún ilé ìwòsàn àkànṣe, ìyẹn ti ojú, eyín, aboyún, ọmọdé tàbí kíndìnrín, irú èyí tí àwọn ará Ìdànrè àti Ìgbárá-Òkè máa ń torí rẹ̀ wọkọ̀ wá sí Àkúrẹ́.

Ohun tó fa ìṣòro ni pé ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tó wà lọ́jà ni wọ́n ṣe fún dókítà tó ń tọ́jú ohun gbogbo. Aláìsàn sọ ohun tó ń ṣe é, dókítà kọ ọ́ sínú àpótí ńlá kan, ó kọ oògùn, ó tán. Dókítà ojú kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀tún ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ojú òsì ní tirẹ̀. Wọ́n ní láti kọ bí ẹni náà ṣe ríran sí, bíi 6/60, tó túmọ̀ sí pé ohun tí ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká lè rí láti mítà 60, ó dìgbà tí ẹni yìí bá sún mọ́ ọn tó mítà 6. Wọ́n ní láti kọ ìfúnpá inú ojú kọ̀ọ̀kan, èyí tó sábà máa ń wà láàárín 10 sí 21 mmHg. Bí aláìsàn bá ní glaucoma, ìyẹn àrùn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kókó ìtọ́jú rẹ̀ ni bí ìfúnpá yẹn ṣe ń lọ sókè sódò láti ọdún dé ọdún. Bí àpótí òfìfo kan ṣoṣo ni sọ́fítíwíà fún dókítà, yóò kọ “ọ̀tún 18, òsì 24” sínú rẹ̀ bí ẹni kọ lẹ́tà, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé nọ́ńbà ni. Kò ní lè ya àtẹ kankan jáde, kò ní lè kìlọ̀ pé ti òsì ti ga jù. Táíprátà olówó ńlá ni wọ́n rà yẹn.

Dókítà eyín ní tirẹ̀ kì í fẹ́ kọ̀wé púpọ̀, ó fẹ́ tọ́ka. Nínú ètò FDI tí wọ́n fi ń ka eyín, eyín àgbà bẹ̀rẹ̀ láti 11 ó sì parí sí 48, ti ọmọdé bẹ̀rẹ̀ láti 51 ó parí sí 85. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ ìhà ẹnu tí eyín wà, ìkejì ń sọ ipò rẹ̀ láti àárín lọ sẹ́yìn. Nítorí náà 36 ni eyín ńlá àkọ́kọ́ tí a fi ń lọ oúnjẹ nísàlẹ̀ lápá òsì. Sọ́fítíwíà tó dára fún iṣẹ́ yìí máa ń gbé àwòrán ẹnu síwájú dókítà, kó tẹ eyín náà, kó tẹ apá ibi tó jẹrà, kó sì yan ohun tí wọ́n ṣe sí i. Owó iṣẹ́ á ti ibẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ kaṣíà fúnra rẹ̀.

Ti aboyún tún yàtọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tó rí kẹ́yìn ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ 280 láti mọ ìgbà tí yóò bímọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá kì í rántí ọjọ́ náà dáadáa, skáànù á sì mú ọjọ́ mìíràn wá. Ó yẹ kí fáìlì gba ọjọ́ méjèèjì, kó sì fi èyí tí dókítà ń tẹ̀ lé hàn, torí bí èkejì bá pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ ìdí tí ìṣirò fi yí padà. Nígbà tí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀, partograph ni wọ́n ń lò, ìyẹn àtẹ tí wọ́n fi ń tọpa bí ìrọbí ṣe ń lọ, wákàtí sí wákàtí. Bí ọmọ bá sì dé, ó nílò fáìlì tirẹ̀ tó so mọ́ ti ìyá rẹ̀. Ó yani lẹ́nu bí sọ́fítíwíà tó pe ara rẹ̀ ní ti aboyún ṣe lè gbàgbé pé ọmọ ń bọ̀.

Ilé ìwòsàn ọmọdé ń fẹ́ ìṣirò oògùn tó bá ìwọ̀n ọmọ mu. Ibi tí wọ́n ti ń fọ kíndìnrín ń fẹ́ ìwọ̀n ara ṣáájú àti lẹ́yìn, àti ọ̀nà láti fa àkọsílẹ̀ ìjókòó tó kọjá wá sí ti òní, torí aláìsàn kan náà lè wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Dókítà ọpọlọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi olùtà ni ẹni tó lè ka ohun tóun bá kọ. Kaṣíà kò ní ìdí kankan láti rí i.

Nítorí gbogbo èyí ni dẹ́mò, ìyẹn àfihàn sọ́fítíwíà, tí olùtà máa ń ṣe kò fi tó ẹ̀rí. Aláìsàn inú dẹ́mò jẹ́ èèyàn kan tí orúkọ rẹ̀ pé, tí àìsàn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tó sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ kó fáìlì tó le jù jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù: aláìsàn tó ti ń bọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí HMO rẹ̀ (ilé-iṣẹ́ ìṣedúró ìlera tó ń bá a san owó ìtọ́jú) yí padà láàárín ìtọ́jú. Kí wọ́n bo orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, kí wọ́n da àwọn fáìlì náà sọ́wọ́ olùtà, kí wọ́n ní kó tẹ̀ wọ́n sínú sọ́fítíwíà lójú gbogbo wọn. Kí dókítà jókòó tì í, kí nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé yàrá káàdì náà wà níbẹ̀, torí àwọn gan-an ló máa lò ó jù. Ibi tí olùtà bá ti ń sọ pé “a ó ṣe ìyẹn fún yín tó bá yá,” kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá wọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò parí, kí wọ́n kà á sí ohun tí kò sí.

Orúkọ nìkan tó láti dán sọ́fítíwíà wò nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ EMR ló ní ọ̀nà tó fi ń wá fáìlì tó jọra, kí aláìsàn kan má baà ní méjì. Ó ń wo orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù. Wàyí o, kí wọ́n mú Táíwò àti Kẹ́hìndé wá: orúkọ ìdílé kan, ọjọ́ ìbí kan, ilé kan, fóònù ìyá wọn kan. Sọ́fítíwíà tí wọ́n ṣe fún ibi tí ìbejì kò ti wọ́pọ̀ lè ní fáìlì ti wà, akọ̀wé tó ń kánjú á sì tẹ “bẹ́ẹ̀ ni.” Báyìí ni èsì ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé ṣe ń wọ fáìlì Táíwò, bẹ́ẹ̀ ìbejì tí kò jọra lè ní jẹ́nótáìpù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Obìnrin kan forúkọ sílẹ̀ ní Folasade, ó padà wá lẹ́yìn ìgbéyàwó ní Shade pẹ̀lú orúkọ ìdílé ọkọ, akọ̀wé mìíràn kọ ọ́ ní Ṣadé. Ẹnì kan di mẹ́ta. Kí wọ́n tẹ “Sola” sínú àyè ìwákiri, kí wọ́n wò ó bóyá yóò mú Shola àti Ṣọlá jáde. Bákan náà ni ọjọ́ ìbí. Màmá àgbà tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, sọ́fítíwíà tó fi dandan bèèrè ọjọ́ ló máa ń sọ ọ́ di ọmọ January 1, títí tí ìdajì àwọn àgbà inú ìwé á fi jẹ́ ọmọ ọjọ́ kan náà. Èyí tó gba “nǹkan bí ọdún 70” ló mọ irú àwọn tó ń wá sílé ìwòsàn wa.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ibi tí fáìlì ń gbé. Nínú ètò íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ta sọ́fítíwíà ló ń tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ilé ìwòsàn kàn ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn ni. Nínú ètò ilé, sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú gbogbo fáìlì, wà nínú ilé ìwòsàn, àwọn kọ̀ǹpútà tó kù sì so mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta pa méjèèjì pọ̀: ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, ó sì ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síta nígbàkúùgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà. Ní March 14, ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dà rú káàkiri Nàìjíríà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó lo ètò àkọ́kọ́ kò ní rí fáìlì ẹnikẹ́ni ṣí. Ẹni tó lo ètò kejì yóò ṣiṣẹ́, àfi tí BEDC bá mú iná lọ tí ínfátà sì kú, tàbí tí olè gbé sáfà lọ tí kò sì sí ẹ̀dà níbòmíràn. Ètò kẹta ló bá ìlú wa mu jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní wàhálà tirẹ̀: bí dókítà àti nọ́ọ̀sì bá kọ nǹkan sínú fáìlì kan náà nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, ti ta ni yóò dúró? Kí wọ́n yọ okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín dẹ́mò, kí wọ́n kọ ohun méjì tó takora, kí wọ́n fi okùn padà, kí wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní ti owó, iye tí wọ́n pè lóṣooṣù kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ilẹ̀ òkèèrè ń gba owó ní dọ́là, lórí dókítà kọ̀ọ̀kan. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi náírà 470 lọ ní bánkì. Ní ọdún 2024 ó ti kọjá 1,500. Iṣẹ́ kò yí padà, owó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà bíi Helium Health wà. Àwọn tí a kì í sanwó rà náà wà, bíi OpenEMR àti OpenMRS tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí yóò fi í sórí sáfà, tí yóò ṣe fọ́ọ̀mù eyín tàbí ti ojú síbẹ̀, tí yóò sì dáhùn fóònù nígbà tó bá kọṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Bí kaṣíà ṣe ń gbowó náà ṣe pàtàkì. Àgbẹ̀ tó ní òun á san ìyókù tí òun bá ta kòkó, ó yẹ kí gbèsè rẹ̀ dúró lórí fáìlì láìdí ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́. Aláìsàn ìṣedúró tún gba ìtọ́jú ọ̀tọ̀: òfin NHIA (àjọ ìṣedúró ìlera ìjọba àpapọ̀) ti ọdún 2022 sọ ìṣedúró ìlera di dandan, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ní àjọ ìdáwójọ ìlera tirẹ̀. Nítorí pé wọ́n máa ń darí aláìsàn wá sọ́dọ̀ dókítà àkànṣe ni, kóòdù ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ HMO ló ń ṣílẹ̀kùn owó. Bí fáìlì kò bá ní àyè fún kóòdù yìí, tí kò sì kìlọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn lè ṣiṣẹ́ tán kí HMO ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Olùtà a máa sọ pé sọ́fítíwíà òun bá HIPAA mu. Òfin Amẹ́ríkà ti 1996 lórí àṣírí ọ̀rọ̀ ìlera nìyẹn. Èyí tó de ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́ ni òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023, tó ka ọ̀rọ̀ ìlera sí dátà tó nílò ààbò àkànṣe. Bí dátà bá jò lọ́nà tó lè pa aláìsàn lára, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí. Ìbéèrè tó wúlò ni pé: ǹjẹ́ sọ́fítíwíà náà ń tọ́jú orúkọ ẹni tó ṣí fáìlì àti ìgbà tó ṣí i?

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí wọ́n bi olùtà kí wọ́n tó bá a dúnàádúrà rárá: bí a bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ yín, báwo ni fáìlì wa yóò ṣe jáde? Bí ìdáhùn bá jẹ́ PDF, ìtìjú ni. PDF ṣeé kà lójú, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà tuntun kò ní lè fa ìfúnpá ojú ọdún márùn-ún jáde nínú rẹ̀ sí àyè tó yẹ. Ohun tí wọ́n ń wá ni dátà tó tò lẹ́sẹẹsẹ, bíi CSV (àtẹ lásán) tàbí FHIR (ìlànà pàṣípààrọ̀ dátà ìlera), àti àwòrán skáànù ní DICOM (ìlànà àwòrán ìṣègùn), kí ìwé àdéhùn sì sọ pé ti ilé ìwòsàn ni, kò sì ní owó ìtúsílẹ̀. Kí olùtà ṣe é lójú wọn pẹ̀lú àwọn fáìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wọlé.

Tí wọ́n bá ti rà á, kò pọn dandan kí wọ́n tẹ gbogbo káàdì àtijọ́ sínú rẹ̀. Aláìsàn tuntun ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀. Ti àtijọ́, ọjọ́ tí olúwarẹ̀ bá tún wá ni wọ́n ń tẹ kókó rẹ̀ wọlé: àìsàn rẹ̀, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, iṣẹ́ abẹ tó ti ṣe, àti àwọn nọ́ńbà tí dókítà ń tẹ̀ lé. Ìyókù lè wà ní àwòrán. Kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu èèpo káàdì tó ti wọ kọ̀ǹpútà, kí nọ́ọ̀sì má baà kọ ohun tuntun sí i mọ́, kí wọ́n sì tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Sísun ún tàbí dídà á nù lè sọ wọ́n di arúfin, torí òfin ìlera ti 2014 sọ ìtọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn di ojúṣe ilé ìwòsàn.