Hypercar tàbí supercar: ibi tí owó rẹpẹtẹ náà ń lọ

Mercedes-AMG One, tó jẹ́ hypercar (ọkọ̀ eré tó lágbára jù, tó sì wọ́n jù), ní horsepower (ìwọ̀n agbára ọkọ̀) 1,063. Porsche 911 Turbo S tí wọ́n gbé jáde ní 2020, tó jẹ́ supercar (ọkọ̀ eré tó tẹ̀ lé hypercar), ní 650. Síbẹ̀, nínú ìwé ilé-iṣẹ́ méjèèjì, Porsche ló kọ́kọ́ ń dé kìlómítà 100 ní wákàtí: ìṣẹ́jú-àáyá 2.7 ló ń lò, AMG One ń lo 2.9. Bẹ́ẹ̀, owó AMG One lé ní mílíọ̀nù méjì yúrò, ti Porsche kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀.

Táyà ló fà á. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, bí táyà bá ṣe lè di títì mú tó ni ọkọ̀ ṣe lè yára tó. Agbára tó bá ti ju èyí tí táyà lè gbé lọ, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á dín in kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà á kàn máa yí lójú kan, á máa rú èéfín. Porsche gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, ìwúwo rẹ̀ ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń ti ọkọ̀ lọ, nítorí náà 650 yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Ìgbà tí eré bá ti kọjá 100 ni 1,063 ti AMG One ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí iṣẹ́ ṣe: ìṣẹ́jú-àáyá 7 ló fi ń dé 200, Porsche ń lo 8.9. Ibi tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ní kí awakọ̀ má kọjá, ibẹ̀ gan-an ni àǹfààní hypercar ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láti ibẹ̀ lọ sókè, atẹ́gùn ni ọkọ̀ ń bá jà. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ọkọ̀ nílò láti fi la atẹ́gùn kọjá á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ wo Bugatti Veyron. Èyí tó jáde ní 2005 ní horsepower 1,001, ó sì ń sá dé kìlómítà 407 ní wákàtí. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ náà ṣe Super Sport, wọ́n fi nǹkan bí 200 kún agbára ẹ́ńjìnnì, ó di 1,200. Lórí pápá ìdánwò Ehra-Lessien ní Jámánì, ọkọ̀ náà sá dé 431. Horsepower 200 tó tó láti gbé odindi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mìíràn sáré geere, kìlómítà 24 péré ni wọ́n rí fi rà. Nígbà tó sì dọwọ́ oníbàárà, wọ́n fi ìjánu sí i ní 415, kí táyà má baà bẹ́.

Ooru tó ń jáde nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé radiétọ̀ 10 ni Veyron gbé. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹ́ dé òpin, epo lítà 100 inú táńkì rẹ̀ á gbẹ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni ṣèèṣì dé orí eré yẹn. Awakọ̀ ní láti kọ́kọ́ dá ọkọ̀ dúró, kí ó ki kọ́kọ́rọ́ kejì bọ ihò kan tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀, kí ó yí i. Ọkọ̀ á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ títí àlàfo tó wà láàárín abẹ́ iwájú rẹ̀ àti ilẹ̀ á fi ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6.5, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ kí ó má baà dí atẹ́gùn lọ́wọ́. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì tàbí tó yí sítíárìn jù, gbogbo rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lójú títì tó ní bọ́m̀pù kan ṣoṣo, kọ́kọ́rọ́ yẹn kò wúlò.

Veyron ṣì rọrùn nínú wọn o. Ó dákẹ́, ìjókòó rẹ̀ dára, jíà rẹ̀ ń pààrọ̀ ara rẹ̀. Àwọn tó le gan-an ni àwọn tó gbé ẹ́ńjìnnì láti orí pápá eré wá sí títì. Ẹ́ńjìnnì AMG One, lítà 1.6, inú ọkọ̀ Formula 1 ni wọ́n ti mú un. Irú ẹ́ńjìnnì yìí kì í yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ bá dúró. Eré ló ń sá níbi tó wà. Òfin èéfín Yúróòpù kò sì gba ìyẹn, wọ́n ní láti fà á wálẹ̀ sí yíyí 1,200 ní ìṣẹ́jú kan. Wàhálà yẹn wà lára ohun tó mú kí ọkọ̀ tí wọ́n fi han ayé ní Frankfurt ní 2017 má dé ọwọ́ oníbàárà àkọ́kọ́ títí di 2023. Ilé-iṣẹ́ náà sì ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí ó bá ti rin kìlómítà 50,000, wọ́n máa tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ láti tún un ṣe.

Aston Martin Valkyrie tún kọjá bẹ́ẹ̀. Adrian Newey, ayàwòrán ọkọ̀ eré tí gbogbo àwọn oní-Formula 1 mọ̀, wà lára àwọn tó ya á. Ẹ́ńjìnnì V12 lítà 6.5 rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Cosworth, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, kò ní turbo (ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnnì) kankan, ó sì ń yí dé 11,100 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n dè é mọ́ ara ọkọ̀ tààrà, kò sí rọ́bà láàárín, nítorí pé ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ̀ ló di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú. Gbogbo gbígbọ̀n àti ariwo rẹ̀ ló ń wọlé bá ẹni tó jókòó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún awakọ̀ àti ẹnìkejì rẹ̀ ní headphone. Kò sí jíà ẹ̀yìn. Mọ́tò iná mànàmáná ló ń fà á sẹ́yìn. Kò sí dígí ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn, kámẹ́rà ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ àṣìṣe: gbogbo ohun tí kò fi eré kún ọkọ̀ ni wọ́n yọ dànù.

Ọ̀nà mìíràn ni supercar tó ṣeé wà lójoojúmọ́ ń gbà. Honda ló fi han àwọn ará Yúróòpù ní 1990, nígbà tí wọ́n gbé NSX jáde. Ẹ́ńjìnnì V6 lítà 3 ló ní, agbára rẹ̀ kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ojú awakọ̀ ń ríran níbi gbogbo, ọkọ̀ náà kì í sì í dáṣẹ́ sílẹ̀. Gordon Murray, tó ń ya ọkọ̀ títì tí wọ́n pè ní McLaren F1 nígbà náà, wa NSX fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì fi ṣe òṣùwọ̀n bí ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rọrùn tó. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, àpò epo inú McLaren F1, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ ìbáà rìn, ìbáà má rìn.

Iye tí wọ́n ṣe náà tún ń yí ìwà olówó padà. McLaren F1 jẹ́ 106, AMG One 275, Valkyrie onílé 150. Bí ọkọ̀ bá ṣọ̀wọ́n báyìí, gbogbo kìlómítà tó bá rìn ń já nínú owó tí wọ́n máa tà á lọ́la. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà láti 1999 tó gba àwọn ọkọ̀ pàtàkì tí kò bá òfin ààbò ibẹ̀ mu láàyè láti wọlé, ṣùgbọ́n máìlì 2,500 ni wọ́n lè rìn lọ́dún. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ń rà ni pé orí pápá eré àti inú gáréèjì ni ọkọ̀ rẹ̀ máa pọ̀ sí jù.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ rà kọ́kọ́ ka iye ọjọ́ nínú ọdún tí òun lè fi wà á. Bí ó bá ń lọ pápá bíi Silverstone tàbí Spa déédéé, tí ó ní mẹkáníìkì tí ilé-iṣẹ́ ń rán wá, Valkyrie á fún un ní ohun tí Porsche kankan kò ní. Bí ó bá fẹ́ fi lọ síbi iṣẹ́, kí ó rin ọ̀nà jíjìn nínú òjò, kí ó sì lè gbé iwájú ọkọ̀ sókè bí ó bá dé ibi tó ga, supercar ni kí ó mú, kò sì ní pàdánù eré kankan tí títì lè gbà. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ hypercar, kí ó jókòó sínú rẹ̀ kí ó tó sanwó. Nínú AMG One, ìjókòó kì í sún; pẹ́dà àti sítíárìn ni wọ́n ń fà wá bá awakọ̀.