Oògùn Alzheimer Tuntun: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Mọ̀ Pé Kò Ní Pani Lára?

Ṣé ara àwọn tí kò ní Alzheimer, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí ènìyàn máa gbàgbé nǹkan, ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ dán oògùn rẹ̀ wò?

Bó bá jẹ́ oògùn oníhóró, bẹ́ẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdánwò àkọ́kọ́ yìí kì í wádìí bóyá oògùn ń woni sàn. Ìwọ̀n tí ara lè gbà ló ń wá.

Ibo ni wọ́n ti ń rí ìwọ̀n tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀?

Lára ẹranko ni. Wọ́n á wá ìwọ̀n tó ga jù lọ tí kò pa ẹranko lára, wọ́n á ṣírò èyí tó bá a dọ́gba fún ènìyàn, wọ́n á wá pín in sí ọ̀nà 10, ó kéré tán. Ìdá kan níbẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kì í fún gbogbo àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà?

Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní London lóṣù kẹta ọdún 2006. Oògùn TGN1412 tí wọ́n dán wò níbẹ̀ kì í ṣe ti Alzheimer o, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan gbogbo oògùn. Ọkùnrin 6 gbà á tẹ̀léra láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, láìdúró wo bó ṣe máa ṣe ẹni àkọ́kọ́. Gbogbo wọn ló dèrò yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Lónìí, ẹni 2 ló ń ṣáájú: ọ̀kan gba oògùn, èkejì gba èyí tí kò ní oògùn nínú, láìjẹ́ pé wọ́n mọ èyí tó kan wọn. Ó di wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó kan àwọn yòókù.

Kí ni wọ́n ń ṣọ́?

Ẹ̀jẹ̀, ìlù ọkàn, ẹ̀dọ̀. Wọ́n tún ń fi abẹ́rẹ́ fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn, torí ẹ̀jẹ̀ nìkan kò lè sọ bóyá oògùn dé ọpọlọ. Ẹ̀fọ́rí tó ń le bí ènìyàn bá dìde, tó sì ń rọlẹ̀ bó bá dùbúlẹ̀, wọ́pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Omi tó ń jò níbi tí abẹ́rẹ́ gbà ló fà á.

Bí kò bá ṣe ẹni tó lera ní nǹkan, ṣé aláìsàn náà bọ́ nìyẹn?

Rárá. Ibí gan-an ló ti yẹ ká ṣọ́ra jù. Amyloid, purotéènì tó ń gbá jọ sínú ọpọlọ aláìsàn, tún máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ agbógunti-amyloid bá ń tú u kúrò, òpó náà lè máa jò: ọpọlọ á wú, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sun síbẹ̀. Ọ̀dọ́ tó lera kò ní amyloid tí abẹ́rẹ́ máa dì mú, nítorí náà kò lè fi ewu yìí hàn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán bapineuzumab, ọ̀kan lára irú abẹ́rẹ́ yìí, wò lára aláìsàn, 3 nínú àwọn 10 tó gba mílígírámù 5 fún kílò ara wọn kọ̀ọ̀kan ló ní irú wíwú yìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í fi àmì kankan hàn, àfi kí MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, tú u fó. Ẹni tó jogún APOE4, ẹ̀yà kan lára àbùdá (gene) tí wọ́n ń pè ní APOE, lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni ewu rẹ̀ ga jù fún. Torí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ béèrè ìgbà mélòó ni wọ́n máa ya MRI fún òun ní oṣù àkọ́kọ́, àti bóyá wọ́n á yẹ APOE òun wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.