Yíyọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú ẹrù kí a tó wọ bàálù

Yíyọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú ẹrù ni kí arìnrìn-àjò tú afẹ́fẹ́ bọ́ọ̀lù, táyà, ìrọ̀rí ọrùn tàbí ibùsùn aláfẹ́fẹ́ sílẹ̀, kí ó má baà bẹ́ lójú òfuurufú. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan tí a fọn ló kàn. Àwọn tó dà bíi pé wọ́n léwu jù, bíi táyà, ni kì í sábà ní wàhálà. Àwọn ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń bẹ́.

Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ nílẹ̀ àti lókè

Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ń tẹ gbogbo nǹkan. Létí òkun l'Ékòó, ìtẹ̀ yìí tó 14.7 psi, ìyẹn irú òǹkà tí àwọn fọkanáísà ń wò lára géèjì. Bí a bá ṣe ń gòkè ló ń dín kù. Ilẹ̀ olókè ni Èkìtì: Adó-Èkìtì fi nǹkan bí 450 mítà ga ju òkun lọ, nítorí náà ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò ju bíi 13.9 psi.

Bàálù elérò ńlá sábà máa ń fò ní ìwọ̀n 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí ìtẹ̀ ti wálẹ̀ dé bíi 3.5 psi. Èèyàn ò lè gbé níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú bàálù. Síbẹ̀, wọn kì í tì í tó ti ilẹ̀, torí ara bàálù yóò ní láti nípọn kí ó sì wúwo sí i. Òfin Amẹ́ríkà ni pé afẹ́fẹ́ inú bàálù kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ibi tó ga ní 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, tí ìtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 10.9 psi. Ti Boeing 787 kò kọjá 6,000. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù elérò, ibi tí ẹrù ń wà nísàlẹ̀ ń gba irú ìtẹ̀ kan náà, nítorí náà ibi tí bọ́ọ̀lù wà kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan.

Gbogbo ìyàtọ̀ tí ẹrù tí a fọn ní Adó máa rí kò wá ju 3 psi lọ. Èyí tí a fọn l'Ékòó máa rí bíi 3.8.

Bọ́ọ̀lù àti táyà

Òfin eré bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá gba kí afẹ́fẹ́ bọ́ọ̀lù wà láàárín 8.5 sí 15.6 psi. Bí ìtẹ̀ inú bọ́ọ̀lù ṣe ju ti ìta lọ ni géèjì ń wọ̀n, nítorí náà bí ti ìta bá dín kù, òǹkà rẹ̀ á gòkè. Ká ní fọkanáísà kan l'Ádó fọn bọ́ọ̀lù dé 9. Lókè, yóò di nǹkan bí 12, tí ó ṣì bá òfin mu. Kódà bí afẹ́fẹ́ inú bàálù bá jò tán lójijì ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, kò ní kọjá bíi 19.5, nígbà náà èrò inú bàálù á ti ní wàhálà tó ju ti bọ́ọ̀lù lọ.

Ibi tí a ti fọn nǹkan ló ṣe kókó, kì í ṣe ibi tí a ti wọ bàálù. Bí ẹni tó fọn bọ́ọ̀lù náà bá wọ bàálù ní pápákọ̀ òfuurufú tó wà lọ́nà Adó sí Ìjàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, tàbí ní Àkúrẹ́, tàbí tó lọ wọ̀ ọ́ ní Ìkẹjà, 12 kan náà ni yóò rí lókè. Àmọ́ tó bá fi géèjì wọ̀n ọ́ ní Ìkẹjà, yóò bá a ní bíi 8.2, tí kò tó ti òfin mọ́, láìjẹ́ pé bọ́ọ̀lù jò rárá.

Táyà ọkọ̀ tó wà ní 32 yóò di 35, èyí tí kò tó nǹkan. Táyà kẹ̀kẹ́ ìdíje tó ń gbé 100 kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun kúrò nílẹ̀. Ìlànà àgbáyé lórí ẹrù eléwu yọ bọ́ọ̀lù eré ìdárayá sílẹ̀ pátápátá. Ti táyà ní ìlànà tirẹ̀: tó bá ṣeé lò, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò sì kọjá iye tó ga jù tí wọ́n ṣe é fún, ó lè lọ, èyí tó ti bàjẹ́ tàbí tí wọ́n fọn kọjá iye náà kò gbọdọ̀ wọ bàálù bẹ́ẹ̀.

Àwọn ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

Ní ọdún 1662, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Robert Boyle kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ìtẹ̀ bá ṣe ń dín kù ni afẹ́fẹ́ ń gba àyè sí i, tí ooru kò bá yí padà. Ohun tí kò ní ara líle yóò wú. Láti Adó dé òkè, ó máa fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Láti Èkó, ó máa fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta. Bàlúùnù rọ́bà tí a fọn dé góńgó kò ní àyè yẹn, yóò bẹ́. Bàlúùnù fọ́ìlì tó ń dán kì í fà rárá, ojú ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń ṣí. Ìrọ̀rí ọrùn àti ibùsùn aláfẹ́fẹ́ yóò yè bí a bá fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú wọn. Ìdí kan náà ló ń jẹ́ kí ọ̀rá ìpékeré wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́ lókè, tí ike omi tí a mu tán tí a dé lójú òfuurufú sì ń rún wọra nígbà tí bàálù bá balẹ̀.

Ohun tí ilé iṣẹ́ bàálù fẹ́

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ́ ló ń dáni dúró lẹ́nu kàǹtà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní kí táyà kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀lù jò kí wọ́n tó gbà wọ́n, nígbà mìíràn nítorí àyè tí wọ́n ń gbà. Sílíńdà gáàsì, tó fi mọ́ èyí tí wọ́n fi ń fọn bàlúùnù ọjọ́ ìbí, kò sí lára ọ̀rọ̀ yìí: ẹrù eléwu ni. Ẹni tó bá tú bọ́ọ̀lù tirẹ̀ sílẹ̀ ní láti rántí mú abẹ́rẹ́ páǹpù dání, torí kò rọrùn láti rí i rà nínú pápákọ̀.